Òògùn Oorun fún Munawwarah

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan ní Iléṣà. Waliyullah, ọmọ Òṣogbo tó ń ṣiṣẹ́ táìsì lílẹ̀, jókòó ti ọmọbìnrin rẹ̀, Munawwarah, tí kò tíì pé oṣù méjì. Ọmọ náà ń sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kékeré kan. Ìyá rẹ̀, Kifayat, ń sùn nínú yàrá. Onílé wọn, Alàgbà Cornelius, ti ṣọ́ọ̀ṣì dé nínú kóòtù aláwọ̀ eérú, nǹkan kan sì wú nínú àpò kóòtù náà.

ALÀGBÀ: Waliyullah!

WALIYULLAH: (ó sáré dọ̀bálẹ̀) Ẹ rọra, sà. Ẹ káàbọ̀, sà. Ó ń sùn.

ALÀGBÀ: Ta ló ń sùn?

WALIYULLAH: Ọmọ, sà.

ALÀGBÀ: Ní báyìí?

WALIYULLAH: Bẹ́ẹ̀ ni, sà.

ALÀGBÀ: Ó wá ń sùn ní báyìí tí gbogbo ayé là sílẹ̀! Lánàá tí gbogbo ayé fẹ́ sùn, ṣé kò mọ ọ̀nà ibi tí oorun wà ni?

WALIYULLAH: Ẹ má bínú, sà.

ALÀGBÀ: Mi ò bínú. Alàgbà ìjọ kì í bínú. Ṣùgbọ́n ògiri tó wà láàárín yàrá mi àti tiyín, ó fẹ́lẹ́. Bí ọmọ yẹn bá mí, mo ń gbọ́. Ẹni tó kọ́ ilé yìí, ó fi owó sí iwájú, kò fi sáàárín.

WALIYULLAH: Ta ló kọ́ ọ, sà?

ALÀGBÀ: Èmi ni.

(Ó fa àga kan sún mọ́ ọn, ó jókòó, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó fa ìgò kékeré kan yọ nínú àpò kóòtù, ó tún fa ṣíbí yọ nínú àpò kejì.)

ALÀGBÀ: Wò ó. Oorun rèé.

WALIYULLAH: Níbo, sà?

ALÀGBÀ: Nínú ìgò. Ṣíbí kan péré. Ìwọ á sùn, ìyàwó rẹ á sùn, èmi náà á sùn, ìlú á tòrò.

WALIYULLAH: Òògùn kí ni, sà?

ALÀGBÀ: Òògùn ikọ́ ni wọ́n kọ sí i lára. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mu ún, oorun ló kọ́kọ́ máa ń gbé e lọ, ikọ́ á wá jókòó dè é.

WALIYULLAH: Munawwarah ò wúkọ́, sà.

ALÀGBÀ: Ìyẹn gan-an ló dáa! Kò ní sí ohun tí yóò dí òògùn náà lọ́wọ́. Gbogbo agbára rẹ̀, orí oorun ni yóò gbà lọ tààrà.

WALIYULLAH: (ó ronú díẹ̀) Ó jọ bẹ́ẹ̀, sà.

(Alàgbà bu òògùn náà kún ṣíbí, ó gbé e lé Waliyullah lọ́wọ́. Waliyullah gbà á, ó di ṣíbí náà mú gbọnyin-gbọnyin, ojú rẹ̀ ò kúrò lára rẹ̀.)

ALÀGBÀ: Ó yá, là á lẹ́nu.

WALIYULLAH: Kifayat ní kí n má fi ohunkóhun sí ọmọ lẹ́nu títí òun á fi jí.

ALÀGBÀ: Kifayat dà?

WALIYULLAH: Ó ń sùn, sà.

ALÀGBÀ: Kí ló dé tí abiyamọ fi ń sùn lọ́sàn-án gangan?

WALIYULLAH: Torí pé kò sùn lóru, sà.

ALÀGBÀ: O ò wá rí i pé aájò ìyàwó rẹ ni mò ń ṣe? Kó tó jí, ọmọ á ti sùn.

WALIYULLAH: Ọmọ ti sùn báyìí, sà.

ALÀGBÀ: Èyí? Èyí kì í ṣe oorun! Ó ń fi wá ṣeré ni. Ìwọ wo ìpéǹpéjú rẹ̀ bó ṣe ń yí. Oorun gidi, òru ni wọ́n ń sùn ún.

(Munawwarah kùn, ó na ẹsẹ̀ kan, ó ń bá oorun rẹ̀ lọ.)

WALIYULLAH: Bàbá, kí n sọ òótọ́. Ọ̀rọ̀ oorun yìí ti fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ Jímọ̀, mò ń lẹ táìsì ní ilé kan lọ́nà Ìpetu. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Mò ń lẹ̀ ẹ́ bọ̀, mò ń lẹ̀ ẹ́ bọ̀. Ìgbà tí mo máa gbójú sókè, mo ti ká ara mi mọ́ kọ̀rọ̀ yàrá. Sìmẹ́ǹtì tútù ló wà níwájú mi, ògiri ló wà lẹ́yìn.

ALÀGBÀ: Èéti rí! Kí lo wá ṣe?

WALIYULLAH: Mo sùn síbẹ̀, sà. Ọ̀gá mi ló bá mi níbẹ̀. Ó ní bí mo bá tún ṣe irú rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, òun á wá ẹlòmíràn.

ALÀGBÀ: Ó dáa bẹ́ẹ̀! Òògùn rèé lọ́wọ́ rẹ, iṣẹ́ rẹ rèé níwájú rẹ. Kí lo tún ń wò?

WALIYULLAH: Mo fẹ́ fún un, sà. Ìbéèrè kan péré ló kù.

ALÀGBÀ: Béèrè. Ọmọ méje ni mo tọ́. Kò sí ìbéèrè ọmọ títọ́ tí yóò bá mi lójijì.

WALIYULLAH: Nọ́ọ̀sì tó ń fún àwọn ọmọ lábẹ́rẹ́ ló kọ́ mi. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá gbà mí nímọ̀ràn lórí ọmọ, kí n kọ́kọ́ kí onítọ̀hún dáadáa, kí n wá fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ béèrè pé, “Báwo lẹ ṣe mọ̀?”

ALÀGBÀ: Ó kọ́ ọ pé kí o máa rí àwọn àgbà fín!

WALIYULLAH: Rárá, sà. Ó ní kí n kọ́kọ́ kí wọn.

ALÀGBÀ: Nọ́ọ̀sì yẹn, ọmọ mélòó lòun fúnra rẹ̀ ti bí?

WALIYULLAH: Mi ò bi í, sà. Ọmọ tèmi ló ń gún lábẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Mi ò fẹ́ dà á láàmú.

ALÀGBÀ: Hẹn. Kí ló tún sọ?

WALIYULLAH: Mo sọ fún un pé ọmọ mi kì í sùn pẹ́ tó fi ń jí. Ó ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Mo ní ó ń sùn lọ́sàn-án, ó ń la ojú kalẹ̀ lóru. Ó ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Mo ní ó máa ń kùn lójú oorun bí ẹ̀rọ tó ń lọ ata. Ó tún ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Wàláì, inú bí mi, sà. Mo wọ ọ̀kadà débẹ̀, mo dúró sórí ìlà, kí wọ́n tó wá sọ fún mi pé nǹkan kan ò ṣe ọmọ mi!

ALÀGBÀ: O ò rí i! Ìmọ̀ràn tí kò ní òògùn nínú, ṣé ìmọ̀ràn nìyẹn?

WALIYULLAH: Ohun tí èmi náà rò nìyẹn, sà. Àfi ìgbà tó wá ṣàlàyé. Ó ní ikùn rẹ̀ kéré, ọmú kì í pẹ́ dà níbẹ̀, ebi á tún pa á, á tún jí. Ó ní kò tíì mọ̀ pé òru yàtọ̀ sí ọ̀sán, pé inú ìyá rẹ̀ tó ti ń bọ̀, òkùnkùn kan náà ló wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ó ní bí ilẹ̀ bá mọ́, ká ṣí fèrèsé, ká máa bá a sọ̀rọ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ká dín iná kù, ká má bá a ṣeré. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa mọ̀ ọ́n.

ALÀGBÀ: Kó tó mọ̀ ọ́n ńkọ́? Á máa jókòó ti ìyá rẹ̀ lọ́rùn, kò ní dìde àfi bó bá gba tirẹ̀? Òṣómàáló nìyẹn!

WALIYULLAH: Ṣebí ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà lẹ̀ ń ṣe òṣómàáló, sà. Ọmọ Òṣogbo ni Munawwarah.

ALÀGBÀ: Iléṣà la bí i sí. Ó ti kó o.

(Eṣinṣin kan ń fò yí ṣíbí ká. Waliyullah fi ọwọ́ kejì lé e, ó rọra ṣe é kí òògùn má dà.)

ALÀGBÀ: Má dà á nù o! Fún un, jàre.

WALIYULLAH: Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dá mi lóhùn. Báwo lẹ ṣe mọ̀?

ALÀGBÀ: Mo mọ̀ nítorí pé mo mọ̀! Ìmọ̀ràn wo ni mo ti gbà ọ́ rí tí kò ṣiṣẹ́?

WALIYULLAH: Ẹ ní ká má jẹ́ kó sùn lọ́sàn-án, kí oorun lè kó jọ de òru.

ALÀGBÀ: Ẹ̀hẹ̀n! Ṣé ẹ ṣe é?

WALIYULLAH: A ṣe é lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Bó bá ti fẹ́ di ojú, Kifayat á pàtẹ́wọ́. Bó bá tún fẹ́ di ojú, èmi á lu abọ́. Nígbà tó fi di alẹ́, ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá oorun. Igbe ló ń ké títí ìrun àárọ̀.

ALÀGBÀ: Èyí tí mo gbọ́ lọ́jọ́ Tọ́sìdeè nìyẹn? Mo rò pé ẹ̀ ń lu ọmọ ni! Díẹ̀ ló kù kí n wá kan ilẹ̀kùn yín.

WALIYULLAH: Ìmọ̀ràn yín là ń lò, sà.

ALÀGBÀ: (ó wúkọ́) Ẹ pàtẹ́wọ́ jù. Èmi ò sọ̀rọ̀ àtẹ́wọ́. Ti òwú ńkọ́? Ọjọ́ tí òsúkè mú un, mo ní kí ẹ já òwú kékeré lára aṣọ, kí ẹ fi itọ́ rin ín, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn níwájú orí.

WALIYULLAH: A lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, sà.

ALÀGBÀ: Òsúkè náà ò lọ?

WALIYULLAH: Ó lọ, sà.

ALÀGBÀ: (ó fọwọ́ lu itan) Ó lọ! Sọ fún nọ́ọ̀sì rẹ pé ó lọ!

WALIYULLAH: Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, òsúkè tún mú un. Kifayat ní òun fẹ́ wò ó bóyá yóò lọ bí a ò bá ṣe nǹkan kan. A ò lẹ òwú kankan. Ó tún lọ.

ALÀGBÀ: Òwú ti àná ló ṣì ń ṣiṣẹ́!

WALIYULLAH: Há. A ò ro ìyẹn, sà.

ALÀGBÀ: Ẹ ò lè rò ó. Ìrírí ló ń ro irú ìyẹn.

(Ó na ọrùn láti wo ọmọ lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Ó mi orí. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó ká a mẹ́rin, ó sì ń wá ọ̀nà tí yóò fi tì í sábẹ́ orí ọmọ.)

WALIYULLAH: Kí lẹ fẹ́ ṣe, sà?

ALÀGBÀ: Ọmọ yìí ò ní ìrọ̀rí! Orí rẹ̀ wà lórí pákó!

WALIYULLAH: Kì í ṣe pákó, sà, fóòmù ni. Èyí tí kì í rì. Nọ́ọ̀sì ní kó fẹ̀yìn lélẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ń sùn, láìsí ìrọ̀rí, láìsí aṣọ kíkó yí orí rẹ̀ ká, kí ohunkóhun má baà bò ó nímú.

ALÀGBÀ: Ìfẹ̀yìnlélẹ̀! Orí rẹ̀ á pẹlẹbẹ bíi bébà. Ẹ da ojú rẹ̀ bolẹ̀, kí orí rẹ̀ lè rí roboto bíi tèmi.

(Waliyullah wo orí Alàgbà. Ó wò ó pẹ́. Ó mú kóòtù náà, ó fi ọwọ̀ dá a padà lé e lẹ́sẹ̀.)

ALÀGBÀ: Kí lò ń wò?

WALIYULLAH: Kò sí, sà.

ALÀGBÀ: Ó dáa, èmi náà á béèrè. Nọ́ọ̀sì rẹ, báwo lòun ṣe mọ̀?

WALIYULLAH: Mo bi í, sà.

ALÀGBÀ: O bi í?

WALIYULLAH: Òun ló kọ́ mi ní ìbéèrè náà, kò lè bínú. Ó ní wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ káàkiri ayé, àwọn tó ń dojú bolẹ̀ sùn àti àwọn tó ń fẹ̀yìn lélẹ̀. Wọ́n rí i pé láàárín àwọn tó ń fẹ̀yìn lélẹ̀, ọmọ tó ń kú lójijì lójú oorun kéré jọjọ. Ó ní ìdí nìyẹn tí òun fi ń sọ ọ́ títí tí ọ̀fun fi ń dun òun.

(Ó rọra wọ kóòtù rẹ̀ padà.)

WALIYULLAH: Ti ìdojúbolẹ̀ yín ńkọ́, sà? Báwo lẹ ṣe mọ̀?

ALÀGBÀ: Wọ́n sọ fún mi.

WALIYULLAH: Àwọn wo, sà?

ALÀGBÀ: Àwọn... àwọn ènìyàn.

WALIYULLAH: Ṣé a lè rí wọn, ká bi wọ́n léèrè?

ALÀGBÀ: Wọ́n ti kú! Ìwọ ọmọ Òṣogbo yìí, ṣé ọlọ́pàá ni ọ́ ni?

(Ọmọ náà rẹ́rìn-ín lójú oorun. Àwọn méjèèjì tẹjú mọ́ ọn, ojú wọn rọ̀.)

ALÀGBÀ: Wò ó. Àwọn áńgẹ́lì ló ń bá a ṣeré yẹn.

WALIYULLAH: Bẹ́ẹ̀ ni, sà.

ALÀGBÀ: O ò bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀?

WALIYULLAH: Rárá, sà. Ìyẹn, mo fẹ́ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀.

(Waliyullah fi ọwọ́ kejì gbé ọwọ́ tó di ṣíbí mú ró.)

ALÀGBÀ: Ó ti tó. Jẹ́ ká parí ọ̀rọ̀. O ní báwo ni mo ṣe mọ̀ pé òògùn yìí ń ṣiṣẹ́. Mo mu ún!

WALIYULLAH: Ẹ mu ún, sà?

ALÀGBÀ: Lánàá, nígbà tí igbe ọmọ rẹ pọ̀. Ṣíbí méjì. Kò kọ́kọ́ ṣe nǹkan kan, mo tún fi ọ̀kan kún un lówùúrọ̀ kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí ara mi lè balẹ̀. Waliyullah, òògùn náà lágbára! Mo jókòó sí iwájú, ní àyè àwọn alàgbà. Wọ́n kọ orin, mi ò gbọ́. Wọ́n fọn fèrè, mi ò gbọ́. Pásítọ̀ sọ̀kalẹ̀ wá síwájú mi, ó gbé makirofóònù, ó ní “Halelúyà!” Mi ò gbọ́.

WALIYULLAH: Ta ló wá jí yín, sà?

ALÀGBÀ: Àwọn tó ń gbálẹ̀.

(Waliyullah wo Alàgbà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó wo ọmọ. Ó wo ṣíbí.)

WALIYULLAH: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tóbi tó ìlọ́po mélòó ọmọ yìí?

ALÀGBÀ: Èwo ló kàn ọ́ nínú ìyẹn?

WALIYULLAH: Wọ́n gbé e lé òṣùwọ̀n lọ́jọ́ abẹ́rẹ́, kò tíì wúwo tó garawa kékeré tí mo fi ń po sìmẹ́ǹtì. Ẹ̀yin lẹ rí yìí. Òògùn tó gbé àgbàlagbà bíi yín tí fèrè ò lè jí i, tó bá dé ara ọmọ yìí, ta ni yóò jí i?

ALÀGBÀ: Ọmú ìyá rẹ̀ ni yóò jí i.

WALIYULLAH: Tí kò bá wá jí ńkọ́?

ALÀGBÀ: A ó gbé e lọ sọ́sípítù!

WALIYULLAH: Ohun tí nọ́ọ̀sì sọ gan-an nìyẹn, sà! Ó ní ọmọ tó ń jí fúnra rẹ̀ wá mu ọmú, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí ara ọmọ bá gbóná, tàbí tó kọ ọmú, tàbí tí a jí i tí kò jí, ká má dúró gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ká sáré gbé e wá. Òògùn yín yìí, sà, àìsàn yẹn gan-an ló fẹ́ dá sí i lára.

(Ó rọra na ṣíbí náà padà sí Alàgbà. Alàgbà ò gbà á.)

ALÀGBÀ: Dúró, dúró. Jẹ́ ká fi ti òògùn sílẹ̀ ná. Ọmọ méje! Láti orí Olúmúyìwá dé orí Ọlájùmọ̀kẹ́ tó jẹ́ àbígbẹ̀yìn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jí lóru rí. Ìyẹn lo fi máa mọ̀ pé ti ọmọ rẹ yìí kì í ṣe ojú lásán.

WALIYULLAH: Kò sí ọ̀kan, sà?

ALÀGBÀ: Kò sí ẹyọ kan ṣoṣo!

WALIYULLAH: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́, sà. Báwo lẹ ṣe mọ̀?

ALÀGBÀ: Èmi ni bàbá wọn!

WALIYULLAH: Ẹ wà níbẹ̀, sà?

ALÀGBÀ: Níbo ni mi ò bá tún wà? Mo wà ní... (ó dúró) Ibi iṣẹ́.

WALIYULLAH: Lóru, sà?

ALÀGBÀ: Ilé ẹ̀rọ omi ni mo ti ṣiṣẹ́. Àwa tí à ń ṣọ́ ẹ̀rọ, òru ni tiwa. Bí mi ò bá ṣọ́ ọ, kí lẹ̀yin tí ẹ̀ ń sùn máa fi bọ́jú láàárọ̀?

WALIYULLAH: Ẹ ṣeun, sà. Àárọ̀ tí ẹ bá wá dé ńkọ́?

ALÀGBÀ: Màá sùn.

WALIYULLAH: Àwọn ọmọ ńkọ́?

ALÀGBÀ: Wọn kì í sí nílé. Ìyá wọn á ti pọ̀n wọ́n jáde kí n lè ráyè sùn.

WALIYULLAH: Ìgbà wo lẹ wá ń rí wọn tí wọ́n ń sùn?

ALÀGBÀ: (ó ronú gan-an) Lọ́jọ́ Ìsinmi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo wọn á sùn fọnfọn, o ò lè rí ẹyọ kan tó jí!

WALIYULLAH: Ọ̀sán nìyẹn, sà.

(Alàgbà dìde. Ó rìn dé òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rìn padà. Ó fa fóònù rẹ̀ yọ.)

ALÀGBÀ: Ẹlẹ́rìí wà. Ìyàwó mi wà ní Ìpetu lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. Òun ni yóò bá wa parí ẹ̀. (Ó pè, ó gbé fóònù sétí, ó gbójú sókè bí ẹni tó ti borí.) Hẹ́lò? Ìyá Múyìwá! ... Mo ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. ... Ìsìn dùn. ... Rárá, mi ò sùn. ... Ta ló sọ fún ọ? ... Fi ìyẹn sílẹ̀ ná, ọ̀rọ̀ pàtàkì ni mo torí ẹ̀ pè. Waliyullah wà níbí, kò gbà mí gbọ́. Bá mi sọ ọ́ kí n lè sọ fún un: àwọn ọmọ wa, ṣé wọ́n ń jí lóru?

(Ó ń gbọ́. Ojú rẹ̀ tó wà lókè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀.)

ALÀGBÀ: Ẹ̀n? ... Gbogbo wọn? ... Olúmúyìwá náà? ... Títí ó fi ń rìn? ... Má pariwo, mo ń gbọ́. ... Ta ló wá ń gbé wọn? ... Ìwọ nìkan? ... O ò sọ fún mi nígbà náà! ... O sọ ọ́? ... Ìgbà wo lo sọ ọ́? ... Kí ni mò ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí o sọ ọ́?

(Ó rọra jókòó padà.)

ALÀGBÀ: (ohùn rẹ̀ ti kéré) Mò ń sùn.

WALIYULLAH: Ẹ bá mi kí Màmá, sà.

ALÀGBÀ: Ó ní òun kí ọ. ... Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá Múyìwá. ... Òògùn? Òògùn wo? ... Òògùn ikọ́ inú àpótí yẹn? ... Mo kàn gbé e wá kí ó wò ó ni. ... Ó ti wò ó. ... Bẹ́ẹ̀ ni. ... Bẹ́ẹ̀ ni. ... Èmi fúnra mi? ... Mo ti gbọ́.

(Ó pa fóònù. Ó gba ṣíbí lọ́wọ́ Waliyullah, ó gbé ìgò, ó lọ sétí gọ́tà. Ó da ti ṣíbí sí i, ó da ti ìgò sí i, ó fi omi inú kẹ́tùlù àlùwàlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ṣan ìdí ìgò náà. Waliyullah bẹ̀rẹ̀ sí í na àwọn ìka tó ti gan.)

WALIYULLAH: Kí ni Màmá sọ, sà?

ALÀGBÀ: Ó ní ọmú nìkan. Kí ẹ má fún un ní omi, kí ẹ má fún un ní ohunkóhun mìíràn. Ó ní bí ìyàwó rẹ bá ti fún un lọ́mú tán lóru, ìwọ ni kí o gbé e, kí o rọra gbá a lẹ́yìn kó lè gùnfẹ̀, kí o tẹ́ ẹ padà, kí ìyàwó rẹ lè fojú kan oorun. Bí ìwọ náà bá ń tòògbé, kí o tètè tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí o má jókòó gbé e sùn. Nígbà tó bá sì ń sùn lọ́sàn-án, kí ẹ̀yin náà sùn.

WALIYULLAH: Nọ́ọ̀sì náà sọ bẹ́ẹ̀.

ALÀGBÀ: Ó ní tó bá di ọ̀la, kí n bá ọ lọ rí ọ̀gá rẹ, kí n sọ fún un pé ọmọ tuntun ló wà nílé rẹ, kì í ṣe ọ̀lẹ ni ọ́. Ó ní kí ẹ máa lo yàrá mi tó wà lẹ́yìn, kí ọ̀kan nínú yín lè máa rí ibi sùn láìgbọ́ igbe.

WALIYULLAH: (ó tún dọ̀bálẹ̀) Ẹ ṣeun, sà! Allah á san án fún Màmá. Ṣé ó parí síbẹ̀, sà?

ALÀGBÀ: (ó ń nu ìgò òfìfo tí kò ní ìdọ̀tí lára) Ó ku ẹyọ kan.

WALIYULLAH: Kí ni, sà?

ALÀGBÀ: Ó ní òótọ́ ni, ọmọ kan wà tí òun tọ́ nínú ilé yìí, tó jẹ́ pé bó bá ti sùn, kì í jí, kì í ké, kì í yíra padà, àfi tí òun bá wá jí i.

WALIYULLAH: Ẹ̀hẹ̀n! Ọ̀kan kúkú wà! Bọ̀dá Olúmúyìwá?

ALÀGBÀ: Kì í ṣe òun.

WALIYULLAH: Àǹtí Ọlájùmọ̀kẹ́?

ALÀGBÀ: Kì í ṣe òun náà.

WALIYULLAH: Ta wá ni, sà?

ALÀGBÀ: Èmi ni.

(Munawwarah la ojú. Ó wo àwọn méjèèjì, ó ń pọ́n ẹnu lá, kò tíì ké. Waliyullah wo ilẹ̀kùn yàrá tí Kifayat ń sùn sí, ó wo ọmọ, ó sì rọra sún mọ́ Alàgbà létí.)

WALIYULLAH: Bàbá, ẹ dákun, kí ni Màmá máa ń fún yín?

ALÀGBÀ: (ó wo ọ̀tún, ó wo òsì) Iyán.